Eérú tó ń jẹ́rìí sí ìgbà yìnyín

Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ mọ́jú ní Ìlọrin, eruku la ó bá lórí gbogbo nǹkan láàárọ̀: orí àgbá omi, orí ewé máńgòrò, orí ọkọ̀ tó sùn síta. Ohun tó wà lábẹ́ eruku náà ti wà níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ohun tó wà lórí rẹ̀, ẹ̀yìn ọyẹ́ ló débẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń lò láti mọ ìgbà tí yìnyín bo ilẹ̀ láyé àtijọ́. Tephrochronology ni wọ́n ń pè é, ìyẹn fífi eérú òkè ayọnáyèéfín mọ ọjọ́ orí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí lórí rẹ̀. Sigurdur Thorarinsson, ará Iceland, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1944. Yìnyín ibí yìí kì í ṣe èyí tó ń bá òjò rọ̀ sórí páànù wa. Òkìtì gbàǹgbà ni, ó ń rìn, ó ń wọ́ òkúta àti amọ̀ lọ, ó sì ń dà wọ́n sílẹ̀ níbi tó bá ti yọ́. Ọjọ́ orí òkúta wọ̀nyí kò lè sọ ọjọ́ tí yìnyín kọjá, torí wọ́n ti dàgbà kó tó gbé wọn.

Eérú òkè ayọnáyèéfín ló lè sọ nǹkan. Kì í ṣe irú eérú tó ń ṣẹ́ kù ní Òkèlélé tí àwọn amọ̀kòkò bá sun ìkòkò tán. Èérún òkúta àti dígí ni. Nígbà tí òkúta bá yọ́ nínú òkè, afẹ́fẹ́ argon inú rẹ̀ á sá jáde. Tó bá bú jáde tó sì tutù, díẹ̀ nínú èròjà potassium rẹ̀ á tún máa di argon, ní ìwọ̀n tí kì í yí padà. Argon tó há síbẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n láti mọ ọdún.

Ní California, eérú tí wọ́n ń pè ní Bishop Tuff wà lórí amọ̀ àti òkúta tí yìnyín Sherwin dà sílẹ̀. Eérú náà ti lé ní 760,000 ọdún. Yìnyín náà ti wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ iye tó fi jù ú, eérú kò sọ.

Eérú tún lè ṣini lọ́nà, apá yìí ló sì gbà mí lọ́kàn jù. Ní Kansas àti Nebraska, eérú funfun kan wà tó ń jẹ́ Pearlette. Wọ́n rò pé ọjọ́ kan náà ló bọ́ sílẹ̀ níbi gbogbo, wọ́n sì fi to àwọn ìgbà yìnyín Amẹ́ríkà tẹ̀léra. Ó dà bí ẹni tó rí eruku nínú yàrá mẹ́ta tó ní ọyẹ́ kan ló kó o wá, láìmọ̀ pé ọ̀kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé eérú ìbújáde mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, láti òkè ayọnáyèéfín Yellowstone: ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.1, mílíọ̀nù 1.3, àti 640,000 ọdún sẹ́yìn. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà wó. Wọ́n pa orúkọ ìgbà yìnyín Nebraskan àti Kansan tì. Láti ìgbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ohun tó pò mọ́ dígí inú eérú wò, kí wọ́n mọ òkè tó bí i àti ìgbà wo, kí wọ́n tó gba ẹ̀rí rẹ̀.