Giuseppe Brotzu

Giuseppe Brotzu (1895–1976) jẹ́ oníṣègùn àti ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ́tótó ní Yunifásítì Cagliari, ní erékùṣù Sardinia lórílẹ̀-èdè Ítálì. Òun ló rí, nínú omi òkun tí gọ́tà ìlú ń ṣàn sí, olú tíntín tí ìdílé oògùn cephalosporin, tó ń pa bakitéríà, ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀kan lára ìdílé náà ni ceftriaxone, abẹ́rẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ní Àríwá Nàìjíríà nígbà àrùn yírùnyírùn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau. Brotzu tún ṣe òṣèlú: ó jẹ ààrẹ ẹkùn Sardinia láti 1955 sí 1958, ó sì jẹ olórí ìlú Cagliari lẹ́yìn náà.

Omi Su Siccu

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìyẹn táífọ́ọ̀dù, ló gbé Brotzu dé etí omi. Omi ìdọ̀tí Cagliari ń dà sínú òkun ní Su Siccu, àwọn ọ̀dọ́ sì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí jẹ̀funjẹ̀fun ṣe ń ràn yóò retí pé kí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, àmọ́ Brotzu ṣàkíyèsí pé bí ó ti yẹ kí ó mú wọn tó kọ́ ló ń mú wọn. Ó fura pé ohun kan wà nínú omi náà tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ní 1945, ó bu omi lẹ́nu gọ́tà náà, ó sì gbin ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí agar, oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ tútù nínú àwo pẹlẹbẹ. Olú tó hù ni Cephalosporium acremonium, irú olú tíntín bí èyí tí a ń rí lára búrẹ́dì tó bá bu. Ibi tó bá hù sí, kòkòrò táífọ́ọ̀dù kì í lè gbèrú yí i ká.

Brotzu sẹ́ omi ara olú náà, ó fi gún eéwo àwọn aláìsàn, ó sì fún àwọn tí táífọ́ọ̀dù ń ṣe. Ara àwọn kan yá. Ṣùgbọ́n ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, kò sì sí owó tàbí ẹ̀rọ tí yóò fi yọ ògidì èròjà náà. Ní 1948, ó gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé kékeré ti ẹ̀ka rẹ̀, èyí tí kò dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Sardinia ló bá a wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Howard Florey, ọ̀kan lára àwọn tó sọ penicillin di oògùn tó ń pa bakitéríà, ní Oxford.

Ní Oxford, Edward Abraham àti Guy Newton rí i pé oríṣiríṣi èròjà ni olú yìí ń ṣe. Èyí tó ń pa kòkòrò táífọ́ọ̀dù jù lọ jẹ́ irú penicillin kan, penicillin N; ìgbà tí wọ́n ń fọ ìyẹn mọ́ ni wọ́n ṣèèṣì bá cephalosporin C pàdé ní 1953. Nípa bẹ́ẹ̀, ó jọ pé èyí tí Brotzu rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló padà gba òkìkí. Cephalosporin C kò lágbára púpọ̀, àmọ́ ẹ́ńsáìmù tí bakitéríà fi ń ba penicillin jẹ́ kò rí i gbéṣe. Wọ́n kéde ìrísí rẹ̀ ní 1961, oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fà yọ láti ara rẹ̀, cefalotin, sì jáde ní 1964.

Ní Àríwá Nàìjíríà

Àríwá Nàìjíríà kò bá òkun pààlà níbì kankan, síbẹ̀ oògùn tó ti inú òkun wá yìí ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ceftriaxone, tó jáde ní àwọn ọdún 1980, jẹ́ ìyẹ̀fun nínú ìgò kékeré olómorí rọ́bà. Nọ́ọ̀sì á fa omi sínú rẹ̀, á mì í títí yóò fi yòrò. Bó bá jẹ́ inú ẹran ara ni wọn ó gún un sí, lidocaine, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora, ni wọ́n sábà fi ń pò ó, nítorí ó máa ń ro ènìyàn gan-an. Ó ń pẹ́ nínú ara, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fi sábà máa ń tó.

Ní Kánò ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń jà, ceftriaxone ni wọ́n fún ìdajì àwọn 200 ọmọdé tí ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer kó jọ láti dán oògùn trovafloxacin wò, ìdánwò tó di ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ceftriaxone ṣáájú nínú ìlànà ìtọ́jú yírùnyírùn tó bá bẹ́ sílẹ̀ ní Áfíríkà. Láàárín 2016 sí 2017, ó lé ní 14,000 ènìyàn tí wọ́n fura sí pé àrùn náà mú ní Nàìjíríà, Zamfara ló sì fojú winá rẹ̀ jù. Ó lé ní 1,000 tó kú.

Wọ́n tún ń fi ceftriaxone tọ́jú jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn tí Brotzu tìtorí rẹ̀ lọ bu omi Su Siccu. Láti 2016 ni irú kòkòrò táífọ́ọ̀dù kan tí oògùn náà kò ràn mọ́ ti ń tàn kálẹ̀ ní Pakistan.