Ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìkórè yín

Ẹni tó bá ra àlòkù ẹ̀rọ ìkórè ní Kétu níbí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ló máa ń gbé wá bá mi: ó ń tu èéfín, kì í tètè jí. Ẹ́ńjìnì ò dẹ́rù bà mí, mẹkáníìkì tírélà á rí i tún ṣe. Aago tó ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n lè ti yí i padà kó tó dé èbúté Kútọnu. Ọkà tó ń dà sílẹ̀ ló ń jẹ yín lówó.

Bàbá kan lọ́nà Idigny ta kú pé irúgbìn sójà (ẹ̀wà sóyà) òun ni kò dáa. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀." Mo fi okùn wọn mítà kan níbùú lóròó lẹ́yìn ẹ̀rọ, a gbọn ìyàngbò kúrò, a kúnlẹ̀, a kà á. Hóró 112! Bẹ́ẹ̀, 40 lórí mítà kan yẹn ti tó nǹkan bíi kílò 60 lórí hẹ́kítà. Ti àgbàdo, 20 ti tó iye kan náà.

Níbo ló ti ń dà? Ẹ dá ẹ̀rọ dúró láàrin oko, kẹ́ ẹ fà á sẹ́yìn níwọ̀n gígùn ara rẹ̀. Ilẹ̀ tó wà láàrin ọ̀bẹ iwájú àti sójà tó ṣì dúró, ọ̀bẹ nìkan ló tíì kọjá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ti bàbá kún sí, ibẹ̀ náà ni sójà sábà máa ń ṣòfò sí. Eyín ọ̀bẹ mẹ́ta ti kán, awakọ̀ sì ń sáré lọ́sàn-án gangan nínú ọyẹ́, nígbà tí èèpo ń là fúnra rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ èyí tí ẹ̀rọ ò tíì dé náà. Hóró tó ti já tẹ́lẹ̀, ẹ má dì í ru ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló kún, ẹ wo dúrọ́ọ̀mù tó ń pakà, asẹ́ àti fáànù. Àgbàdo tí à ń kó nínú oṣù kẹjọ ṣì máa ń tutù, sójà ìparí ọdún á gbẹ bí eegun, ètò kan ò lè bá méjèèjì mu. Ṣùkù ni kẹ́ ẹ máa wò: bó bá jáde lódidi láìsí hóró lára, ó ti bára mu nìyẹn, bó bá rún wẹ́wẹ́, àyè abẹ́ dúrọ́ọ̀mù ti há jù. Ti sójà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú táńkì. Bí ẹ bá rí èyí tó là sí méjì púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ dín eré dúrọ́ọ̀mù kù kẹ́ ẹ tó fẹ àyè rẹ̀.

Ẹ gbọn ìyàngbò kúrò lára páìpù èéfín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, iná oko ò mọ àlòkù. (Ará Sábẹ̀, ẹ ṣa òkúta yín kí ẹ̀rọ tó wọlé.)

A pààrọ̀ eyín ọ̀bẹ bàbá, a sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ rọra. Nígbà tí a tún kà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì, hóró 31 ni. Bàbá ní kí n tún un kà.