Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, ríìmù ló kẹ́yìn

Ríìmù ló máa ń kọ́kọ́ wọ èèyàn lójú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ eré á rí ríìmù ínǹṣì 19 tó ń dán gbinrin, á san owó rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá táyà tí yóò bá a mu. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan náà lẹ fẹ́ máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ tún fẹ́ gbé wọ pápá eré-ìje lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn àyè tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà. Ìgbà tí ẹ bá mọ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ ríìmù tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ: Toyota GT86 ti àkọ́kọ́, tó jáde ní 2012. Subaru ń pe tiwọn ní BRZ, ní Amẹ́ríkà sì rèé, Scion FR-S ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ríìmù ínǹṣì 17 tó fẹ̀ tó ínǹṣì 7, offset rẹ̀ jẹ́ +48 ní mìlímítà (ìtumọ̀ offset ń bọ̀ nísàlẹ̀). Ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ló ní, lórí òbìrí mìlímítà 100, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 56.1. Táyà tó bá a wá ni 215/45R17.

Nínú 215/45R17, 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 45 túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn mìlímítà 96.75. Ẹ sọ ọ́ di méjì torí pé ẹ̀gbẹ́ wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ẹ wá fi ínǹṣì 17 kún un, tó jẹ́ mìlímítà 431.8. Àpapọ̀ rẹ̀, ìyẹn gíga gbogbo táyà, jẹ́ mìlímítà 625.3. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí pé gíga táyà tuntun kò yẹ kó fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín. 225/45R17 jẹ́ 634.3, ó fi ìdá 1.4 lé. 245/40R17 jẹ́ 627.8, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. 225/40R18 jẹ́ 637.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ààlà. Táyà tó bá ga jù máa ń mú kí gíá wúwo, ọkọ̀ á máa lọ́ra láti jáde nínú kọ́nà. Ẹ́ńjìnnì lítà méjì yìí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 200, kò ní agbára tó lè fi ṣòfò. Mítà tó ń ka eré ọkọ̀ náà á máa parọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi rí ohun tí ríìmù 18 fẹ́ ṣe lábẹ́ ọkọ̀ yìí, àyàfi fún fọ́tò. Ínǹṣì 17 gba búréèkì rẹ̀, táyà 17 kò wọ́n tó ti 18, ẹ̀gbẹ́ tó nípọn díẹ̀ sì máa ń gba ìjà òkúta ẹ̀gbẹ́ pápá fún ríìmù. Ẹni tó bá ń wa tirẹ̀ ní Èkó kò nílò àlàyé lórí kòtò.

Fífẹ̀ ríìmù ni kí ẹ náwó lé. Ilé iṣẹ́ táyà máa ń kọ fífẹ̀ ríìmù tí táyà kọ̀ọ̀kan lè gbà: 225/45R17 ń gba ínǹṣì 7 sí 8.5, 245/40R17 ń gba 8 sí 9.5. Bí ẹ bá ki 245 bọ ríìmù 7, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń fọn fèrè. Nínú kọ́nà, táyà á yí lé èjìká rẹ̀, àárín kò ní fi gbogbo ara tẹ ilẹ̀. Ríìmù 8 ni kí ẹ fi 225 sí, ríìmù 9 ni kí ẹ fi 245 sí. Kí iwájú àti ẹ̀yìn sì dọ́gba. Bí tẹ̀yìn bá fẹ̀ ju tiwájú lọ, imú ọkọ̀ kò ní fẹ́ wọ kọ́nà mọ́, ẹ ò sì ní lè pààrọ̀ táyà iwájú sẹ́yìn nígbà tí tiwájú bá jẹ tán, tiwájú ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ní pápá.

Offset ló máa ń da orí èèyàn rú, bẹ́ẹ̀ ìṣirò kékeré ni. Ó ń sọ bí ojú tí ríìmù fi lé họ́ọ̀bù ṣe jìnnà tó sí àárín fífẹ̀ ríìmù. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ríìmù ń wọlé lọ sábẹ́ ọkọ̀. Láti mọ bó ṣe wọnú tó, ẹ fi offset kún ìlàjì fífẹ̀. Láti mọ bó ṣe yọ síta tó, ẹ yọ offset kúrò nínú ìlàjì náà. Ríìmù ilé iṣẹ́: ìlàjì ínǹṣì 7 jẹ́ 88.9, inú jẹ́ 136.9, ìta jẹ́ 40.9. Ríìmù 9 tó ní +42: ìlàjì jẹ́ 114.3, inú jẹ́ 156.3, ìta jẹ́ 72.3. Ó ti wọnú sí i ní mìlímítà 19.4, ó sì ti yọ síta ní 31.4. Ríìmù 8 tó ní +45 kò le tó bẹ́ẹ̀: 9.7 sínú, 15.7 síta. Èyí máa ń wọlé láìsí wàhálà. Ríìmù 9 ní tirẹ̀ máa béèrè pé kí orí táyà dagun sínú, ó kéré tán dígírì 2 níwájú, nígbà míì kí wọ́n tún ká etí fẹ́ńdà ẹ̀yìn.

Ibi tí àwọn tó mọ̀ ọ́n pàápàá ti ń ṣubú rèé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà dagun táyà iwájú. Bóòtì pàtàkì tó wà nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì ń ti orí táyà sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì, ó ń jẹ àlàfo inú run. Àwo tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ń gbé ṣọ́ọ̀kì àti táyà pọ̀, àlàfo wọn kì í yí padà. Bí àlàfo ríìmù 9 yín bá ti kéré, àwo ni kí ẹ rà, kì í ṣe bóòtì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yá ẹsẹ̀ kan, ìyẹn ríìmù pẹ̀lú táyà rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ní i, kí ẹ dán an wò. Ẹ yọ sìpíríìngì kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, ẹ dá ṣọ́ọ̀kì padà pẹ̀lú rọ́bà òkè rẹ̀, ẹ so ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ wá fi jáàkì gbé e láti abẹ́ apá ìsàlẹ̀ títí yóò fi kan rọ́bà náà. Ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mìlímítà 5 sí ṣọ́ọ̀kì ni ó kéré jù tí mo lè fara mọ́, torí pé táyà máa ń fẹ̀ sí i bó bá gbóná tí ó sì ń tẹ̀ nínú kọ́nà.

Ihò àárín ríìmù tí ẹ bá rà lọ́jà sábà máa ń tóbi ju 56.1 lọ, ẹ nílò òrùka tí yóò dí i. Ẹ ra ti alumíníọ̀mù, torí pé ooru búréèkì máa ń yọ́ ti ṣíṣu. Ẹ wo ara ríìmù bóyá wọ́n tẹ JWL, àmì ìlànà Japan fún ríìmù, sí i. Ríìmù olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àmì kankan máa ń sán níbi tí apá rẹ̀ ti pàdé àárín.

Ní ti irú táyà, nọ́ńbà tó tẹ̀lé títóbi ni kí ẹ kà. 87W túmọ̀ sí kìlò 545 fún ẹsẹ̀ kan àti eré 270 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ sí èyí tó kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Michelin Pilot Sport 4S á gbé yín la òjò kọjá, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá sáré fún ogún ìṣẹ́jú lórí pápá. Hankook RS4 ń pẹ́. Yokohama A052 ń yára gan-an, ó sì ń jẹ kíákíá. Táyà pápá tí ilà ojú rẹ̀ kò pọ̀ máa ń léfòó lórí omi, ó sì máa ń le bí igi nígbà òtútù, torí náà ó dára kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀wọ́ ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan fún pápá, ọ̀kan fún títì. Toyota ṣe ọkọ̀ yìí kó lè gbé táyà mẹ́rin bí ẹ bá dojú àga ẹ̀yìn dé. Bó bá jẹ́ tókúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Lọ́jọ́ pápá, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn psi 28 sí 30 nígbà tí táyà ṣì tutù, kí ẹ wọ̀n ọ́n kété tí ẹ bá jáde. 34 sí 36 ni ẹ ń wá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ yọ díẹ̀. Kí ẹ tó forí lé ọ̀nà ilé, ẹ dá a padà sí iye tí wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì M12 × 1.25 ni ọkọ̀ yìí ń lò, N·m 120 ni kí ẹ fún un mọ, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ríìmù bá ti tutù.