Oríṣi agbára nínú ẹ̀kọ́ físíìsì

Agbára, nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ni ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé ṣe: òun ló ń gbé ẹrù kúrò nílẹ̀, òun ló ń sọ omi tútù di gbígbóná, òun náà ló ń mú kí gílóòbù tàn. Ọ̀rọ̀ náà gba ìṣọ́ra lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Yorùbá. À ń pe àṣẹ ọba ní agbára, à ń pe ipá tí a fi ti mọ́tò tó bàjẹ́ ní agbára, a sì ń pe ohun tó wà nínú bátìrì ní agbára. Ti inú bátìrì yìí ni físíìsì ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iná rí: ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ti ara igi tó ń jó jáde, èyí tó ń gba inú wáyà kọjá sì jẹ́ nǹkan mìíràn.

Joule (J) ni wọ́n fi ń wọn agbára. Ẹni tó bá gbé piọ́wọ́tà kan, tó wọn nǹkan bí ìdajì kílógíráàmù, sókè ní sẹ̀ǹtímítà 20, ti ná nǹkan bíi joule 1 lé e lórí. Yúníìtì kan tí à ń rà sórí mítà iná jẹ́ joule 3,600,000.

Ìdí odó ni oríṣi agbára ti máa ń pàdé. Oúnjẹ tí ẹni tó ń gúnyán ti jẹ ti di agbára kẹ́míkà nínú iṣan apá rẹ̀. Bó ṣe ń gbé ọmọ odó sókè, agbára ń bọ́ sára ọmọ odó, ó sì di agbára ipò, ìyẹn agbára tí nǹkan ní nítorí ibi gíga tó wà. Ọmọ odó oní-kílógíráàmù 3 tí wọ́n gbé sókè ní ìdajì mítà ní nǹkan bíi joule 15 lára. Bó ṣe ń já bọ̀, agbára ipò ń di agbára ìrìn, ìyẹn agbára tí nǹkan ní nítorí pé ó ń rìn. Ó dún gbì: apá kan fọ́ iṣu, apá kan di ìró tí ará ilé kejì ń gbọ́, ìyókù di ooru nínú iyán àti odó. Ọrun tí ọdẹ fà náà ní agbára ipò, àmọ́ inú títẹ̀ ló ti rí tirẹ̀.

James Prescott Joule, ọmọ Salford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1818 sí ìdílé tó ń pọn bíà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òṣùwọ̀n yìí. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, ó so ẹrù mọ́ okùn. Bí ẹrù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà nínú omi, omi náà sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Èyí fi hàn pé ooru kì í ṣe ohun àjèjì: agbára ìrìn tó pa aṣọ dà ni. Nǹkan bíi joule 4.2 ló ń mú kí gíráàmù omi 1 fi dígírì 1 gbóná sí i.

Ní Kainji lórí Odò Ọya, níbi tí wọ́n parí ìdídò sí ní 1968, omi tó wà lókè ní agbára ipò. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń yí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná mànàmáná. Omi yẹn kan náà tún ń ṣàn lọ yí ẹ̀rọ ní Jebba. Oòrùn ló kọ́kọ́ fà á sókè di òjò, agbára oòrùn sì ń ti inú kókó átọ́ọ̀mù háídírójìn tó ń para pọ̀ di hílíọ́mù wá.

Agbára kì í parun, kì í sì í ṣẹ̀dá ara rẹ̀. Ó lè bọ́ síbi tí kò ti wúlò fún wa. Nínú ìpín 100 agbára tí gílóòbù onífìlámẹ́ǹtì àtijọ́ ń gbà, nǹkan bíi 5 péré ló ń di ìmọ́lẹ̀ tí ojú lè rí. Ìyókù ni ooru tó ń jó ẹni lọ́wọ́. Nínú jẹnẹrétọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára pẹtiróòlù ń gba sàlẹ́ńsà àti ara ẹ́ńjìnnì jáde gẹ́gẹ́ bí ooru, kí ìyókù tó dé inú wáyà.