Ìwádìí John Snow lórí àrùn onígbáméjì ní London (1854)

Ìwádìí John Snow lórí àrùn onígbáméjì ni iṣẹ́ tí dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà (1813–1858) ṣe ní London láti fi hàn pé inú omi mímu ni kọ́lẹ́rà ń gbà wọ ara, kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ tó ń rùn. Àwọn onímọ̀ nípa ìtànkálẹ̀ àrùn máa ń tọ́ka sí i tí wọ́n bá ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé àbá kalẹ̀, bí a ṣe ń dán an wò, àti bí a ṣe ń mọ ẹ̀rí tó ṣeé fọkàn tẹ̀. Máàpù àdúgbò Broad Street ló gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ ìwádìí tó ṣe ní gúúsù odò Thames ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù.

Afẹ́fẹ́ tàbí omi

Nígbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé òórùn ìdọ̀tí àti ohun tó ń jẹrà ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, tí ẹni tó bá fà á símú sì ń kó àrùn. Àbá yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. William Farr, tó ń bójú tó ìṣirò ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, fi ikú ọdún 1848 sí 1849 wé bí ilẹ̀ London ṣe ga tó. Nínú ènìyàn 10,000, 102 ló kú níbi tí ilẹ̀ kò ti fi ẹsẹ̀ bàtà 20 ga ju odò Thames lọ. Níbi tó ti ga ní ẹsẹ̀ bàtà 40 sí 60, 34 ni. Ní 100 sí 120, 17. Iye tí ìlànà ìṣirò Farr sọ tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye òkú gan-an dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ náà ló ń mu omi Thames tó dọ̀tí jù. Gíga ilẹ̀ àti omi jọ ń rìn pọ̀, kò sì sí bí iye wọ̀nyẹn nìkan ṣe lè yà wọ́n.

Inú ara aláìsàn ni Snow ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1849. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ni àrùn náà fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibà. Ó ní tó bá jẹ́ pé èémí ni májèlé náà bá wọlé, ara gbogbo ni ì bá kọ́kọ́ dà rú. Nígbà tó jẹ́ ìfun ló ń kọ́kọ́ mú, a jẹ́ pé ẹnu ló gbà wọlé. Ohun tó mú kí àbá yìí ṣeé dán wò ni pé ó ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: ẹni tó ń gbé láàrin òórùn ṣùgbọ́n tí kò mu omi náà kò gbọ́dọ̀ kó àrùn láti ibẹ̀, ẹni tó sì wà lọ́nà jíjìn tó mu ún wà nínú ewu.

Broad Street

Òru ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1854 ni àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho, níbi tí Broad Street wà. Snow gba orúkọ òkú 83 ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀, ó sì tọ ilé wọn lọ. 73 nínú wọn kú nítòsí pọ́ǹpù Broad Street. Àwọn ará ilé sọ pé 61 nínú àwọn yìí ń mu omi rẹ̀. 6 kì í mu ún. Kò rí ẹni sọ ti 6 tó kù. Àwọn 10 yòókù sún mọ́ pọ́ǹpù mìíràn, ìyẹn àwọn tó lè ba àbá rẹ̀ jẹ́. Ó béèrè nípa wọn náà: ìdílé àwọn 5 máa ń ránṣẹ́ lọ pọn omi ní Broad Street, ọmọdé 3 sì ń lọ sílé ìwé nítòsí pọ́ǹpù náà.

Àwọn tí ikú fò dá náà jẹ́rìí. Nílé àwọn aláìní ní Poland Street, tí ilé olókùú yí ká, 5 péré ló kú nínú ènìyàn 535. Wọ́n ní kànga tiwọn. Nílé ìpọntí tó wà ní Broad Street gan-an, òṣìṣẹ́ tó lé ní 70 ni kò sí òkú nínú wọn. Bíà ni wọ́n ń mu. Ní Hampstead tó jìnnà, tí kò sí kọ́lẹ́rà níbẹ̀, opó kan tó fẹ́ràn adùn omi náà ní kí wọ́n máa fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé ìgò ńlá kan wá fún òun láti Broad Street. Ó mu èyí tí wọ́n pọn ní ọjọ́ 31, ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án.

Ohun kan wà tí kò gbè é: nígbà tó kọ́kọ́ yẹ omi náà wò, ìdọ̀tí tó rí nínú rẹ̀ kéré débi pé ó ṣiyèméjì. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ pọ́ǹpù náà. Ìtàn tó gbòde pé ìyẹn ló dá àrùn dúró kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Snow fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí àwọn ènìyàn ti sá kúrò ládùúgbò.

Ìwádìí gúúsù London

Iléeṣẹ́ omi méjì, Southwark and Vauxhall àti Lambeth, ló ri páìpù wọn sí òpópónà kan náà. Ilé kan ń gba omi níhìn-ín, èyí tó kàn án ń gba tọ̀hún, olówó àti tálákà bákan náà. Ní 1849, inú Thames tó dọ̀tí láàrin ìlú ni àwọn méjèèjì ti ń fa omi. Ní 1852, Lambeth gbé ẹnu páìpù rẹ̀ lọ sí Thames Ditton, lókè odò, níbi tí ẹ̀gbin London kò dé. Afẹ́fẹ́ kan náà ni àwọn aládùúgbò ń fà símú; omi nìkan ló yàtọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni bí a ó ṣe mọ omi tí ilé olókùú ń mu. Ayálégbé púpọ̀ kò mọ orúkọ iléeṣẹ́ náà, torí onílé ló ń sanwó omi. Bí Snow bá rí rìsíìtì, ó parí. Bí kò bá rí i, kò gba "mo rò pé" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: á bu omi sínú ìgò kékeré, á kọ àdírẹ́sì ilé sí i lára, á sì gbé e lọ yẹ̀ wò. Ó ń kán silver nitrate sínú rẹ̀. Kẹ́míkà yìí máa ń bá iyọ̀ inú omi dì, á sì di funfun. Omi Thames Ditton ní iyọ̀ gíréènì 0.95 nínú gálọ́ọ̀nù kan, ti Southwark and Vauxhall ní 37.9, ìyẹn bí ìlọ́po 40. Omi Lambeth á ṣú díẹ̀ bí ìkùukùu. Ti ìkejì á funfun kedere lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè mọ̀ ọ́n, tí kò sì dá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni rántí.

Láàrin ọ̀sẹ̀ 7 àkọ́kọ́ tí àrùn náà fi jà ní 1854, ilé 40,046 tó ń gba omi Southwark and Vauxhall ní òkú 1,263, ìyẹn 315 nínú ilé 10,000. Ilé 26,107 ti Lambeth ní òkú 98, ìyẹn 37 nínú ilé 10,000. Ní ìyókù London, 59 ni. Ilé ni Snow fi pín iye òkú, kì í ṣe ènìyàn, torí náà ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ náà yẹ̀ díẹ̀ bí ilé iléeṣẹ́ kan bá kún ju ti ìkejì lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè bí àlàfo tó tó báyìí.

Àlùfáà Whitehead

Henry Whitehead, àlùfáà àdúgbò Soho, kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́, ó sì dìde láti já a ní koro. Ó ní ohun tí Snow kò ní: àwọn aráàlú mọ̀ ọ́n, ó sì lè padà lọ sílé kan náà léraléra. Nípa àwọn tó kú ni Snow béèrè jù. Whitehead béèrè lọ́wọ́ àwọn tí kò ṣàìsàn pẹ̀lú, èyí tó pọn dandan, torí bí gbogbo àdúgbò bá ń mu omi kan, kò yani lẹ́nu pé òkú mu ún. Nínú 137 tó mu omi náà, 80 ló ṣàìsàn. Nínú 297 tí kò mu ún, 20. Bó ṣe yí lọ́kàn padà nìyẹn. Òun náà ló rí i nínú ìwé ikú pé ọmọ jòjòló kan ní ilé 40 Broad Street ti ń ṣu gbuuru láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ. Inú ṣaláńgá iwájú ilé náà ni ìyá rẹ̀ ń da omi tó fi fọ aṣọ ìgbẹ́ ọmọ sí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, bíríkì ṣaláńgá náà ti jẹrà, kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sí kànga pọ́ǹpù.

Ìgbàwọlé

Ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjọba kọ àbá Snow ní 1855. Filippo Pacini ti rí kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà nínú ìfun òkú ní Ítálì ní 1854, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ló kọbi ara sí i títí Robert Koch fi kéde tirẹ̀ ní 1884. Farr yí padà ṣáájú ìyẹn: nígbà tí àrùn náà tún jà ní ìlà-oòrùn London ní 1866, òun fúnra rẹ̀ ló tọ ipasẹ̀ ikú dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ omi tó ń pín omi adágún Old Ford.