Bí ère ṣe ń ti àgbo ilé dé mùsíọ́ọ̀mù

Mùsíọ́ọ̀mù Ìṣọ̀kan tó wà ní Alálùbọ́sà n'Íbàdàn kì í ṣe ti ará Ìbàdàn nìkan. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, nǹkan ẹ̀yà mìíràn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti Yorùbá. Òfin ọdún 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Àmọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà ṣáájú: ní ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti ọdún 1945, nítorí àwọn ère òkúta tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ.

Kí ni òfin náà ń pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé? Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 wọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n bá ti fi ṣorò rí, tó sì ní ìtàn tàbí ọnà nínú, wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ogún bàbá ẹni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àjọ náà àti ẹni tó bá fún láṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìníwèé.

Ẹ mú ère ìbejì. Imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, torí ìyá ìbejì ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń bọ́ ọ bí ọmọ tó wà láàyè. Bó bá dé mùsíọ́ọ̀mù, wọn ò ní fọ osùn yẹn. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ ìtàn rẹ̀ dànù. Kòkòrò ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n á kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kó má baà kó ti ara rẹ̀ ran àwọn tó bá nílé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ nọ́ńbà wínníwínní sí ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn á wà nínú ìwé ńlá, pẹ̀lú àgbo ilé tó ti wá, bó ṣe ga tó àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Ká sòótọ́, ìwé yẹn gan-an ni mùsíọ́ọ̀mù. Ère tí wọ́n kàn kọ “igi, Yorùbá” fún ti di ọmọ òrukàn, àfi bí ẹni tó mọ ọnà bá lè ka ilà ojú rẹ̀.

Aṣọ eégún ló le jù. Aṣọ lórí aṣọ ni, wọn ò lè sá a sóòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń jẹ àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí yàrá tó wà bá ṣókùnkùn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni NẸ́PÀ jẹ̀bi.