Ẹ yéé ju ìwọ̀ sáàárín omi: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹ ẹja báàsì ní Texas

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Houston láti Ìbàdàn pè mí lálẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, mo ti ra ọ̀pá, mo ti ra ríìlì tí wọ́n ń ká okùn sí, mo ti gba láísẹ́ǹsì ìpẹja, Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró létí adágún Lake Conroe, kò sí báàsì kan ṣoṣo tó fẹnu kan ìwọ̀ mi. Mo bi í pé ibo lo ń jù ú sí? Ó ní ibi tí agbára òun bá gbé e dé ni, àárín omi lọ́hùn-ún. Mo ní ó dáa, mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo fẹ́ sọ síbí, torí ó ti lé lọ́dún mọ́kànlá tí mo ti ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ sétí omi, ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń kọ́kọ́ ṣì í.

Báàsì kì í ṣe ẹja tó ń rìn gbéregbère láàárín omi. Ẹja tó ń lúgọ ni, bí ológbò ṣe ń lúgọ de eku. Irú tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa níbí, largemouth ni wọ́n ń pè é, tó bá pa ẹnu dé ẹ máa rí i pé ìparí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá ojú ẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹnu yẹn ló fi ń gbé nǹkan mì lódidi. Á dúró lábẹ́ igi tó wó sómi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko omi, lábẹ́ dọ́ọ̀kì tí wọ́n ń so bóòtì mọ́, á máa wo ẹja wẹ́wẹ́ tàbí edé tó bá ṣèèṣì kọjá. Ẹni tó dúró létí omi tó wá ń ju ìwọ̀ sọ́ọ̀ọ́kán, ó ti ju ìwọ̀ kọjá lórí ẹja tó ń wá. Ẹ yí ara yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa jù ú gba etí omi lọ, kí ìwọ̀ yẹn lè máa kọjá níwájú ilé wọn. Kẹ́ ẹ tó jù ú rárá, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo omi, níbo ni òjìji wà, níbo ni ẹja wẹ́wẹ́ ti ń fò, níbo ni koríko ti pin.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì o. Tí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 60 Fahrenheit, tó jẹ́ pé lápá Houston níbí ó máa ń bọ́ sí bí Fẹ́búárì sí Éprílì, wọ́n á wá síbi tí omi ò ti jìn láti yé ẹyin. Akọ ló ń fi ìrù gbá ìtẹ́, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin àtàwọn ọmọ. Abo ló máa ń tóbi jù, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀. Tó bá di ìgbà ooru, ẹ jí lọ kí oòrùn tó yọ, tàbí kẹ́ ẹ lọ nírọ̀lẹ́, torí lọ́sàn-án gangan wọ́n á ti wọ ibi tó jìn tàbí abẹ́ òjìji.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ so fún ẹni tuntun ni èyí tí wọ́n ń pè ní Texas rig. Òjé kékeré tó ṣe ṣóńṣó bí ọta ìbọn, ìwọ̀ tí ọrùn ẹ̀ tẹ̀, àti ekòló rọ́bà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ki okùn bọ inú òjé, kí ṣóńṣó òjé kọjú sápá ọ̀pá, ẹ wá so ìwọ̀. Ẹ fi ẹnu ìwọ̀ gún orí ekòló wọlé díẹ̀, bí ìdámẹ́rin ínṣì, ẹ yọ ọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fà á títí ojú ìwọ̀ á fi wọ inú orí ekòló, ẹ yí i po, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu ìwọ̀ yẹn gún ara ekòló padà kó má yọ síta. Torí pé ẹnu ìwọ̀ ti pamọ́, ẹ lè jù ú sáàárín igi àti koríko, kò ní tètè há. Tí omi bá mọ́, ẹ lo ekòló aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tó bá rú, ẹ lo dúdú tàbí dúdú tó ní búlúù lára.

Tẹ́ ẹ bá ti jù ú tán, ẹ má tíì fà á. Ibi táwọn èèyàn ti ń pàdánù ẹja nìyí. Ẹ jẹ́ kó máa rì fúnra ẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ okùn, torí lọ́pọ̀ ìgbà bó ṣe ń rì yẹn gan-an ni báàsì máa gbé e. Ẹ lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ìgbà téèyàn fi ìka ta ọ̀pá yín lẹ́ẹ̀mejì, tọ́ tọ́, ẹ sì lè má mọ nǹkan kan, okùn á kàn máa rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó dẹ̀ nígbà tí ò tíì yẹ kó dẹ̀. Ẹ rẹ orí ọ̀pá sílẹ̀, ẹ yí ríìlì kí okùn le, kẹ́ ẹ wá fi agbára gbé ọ̀pá sókè. Àkèré rọ́bà tí wọ́n ń fà lórí koríko omi yàtọ̀ díẹ̀, tiẹ̀ ni pé omi á bú gbàmù lójú yín, ọwọ́ á fẹ́ já a lójú ẹsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró títí ẹ ó fi gbọ́ ìwúwo ẹja lọ́wọ́.

Èmi ò ka gbogbo èyí níbì kankan. Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí Sam Rayburn, adágún tó tóbi jù nínú àwọn tó wà ní Texas nìkan, mo dúró lórí dọ́ọ̀kì látàárọ̀, bàbá aláwọ̀ dúdú kan ará Louisiana ń wò mí. Nígbà tó yá ó dìde, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó gé ohun tí mo so dànù, ó so Texas rig fún mi, ó sì ka ekòló márùn-ún látinú páálí tiẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó bèèrè orúkọ mi. Bàbá yẹn ni mo ṣì ń rí lọ́kàn tí mo bá ń so ìwọ̀ fún ẹlòmíì.

Torí náà ẹ má dá nìkan wà létí omi bí ẹni tó ń bá èèyàn jà. Ẹ bi ẹni tó wà nítòsí pé ṣé wọ́n ń jẹ? Ìkíni wa nìyẹn, wọ́n á sọ àwọ̀ ekòló tí wọ́n ń lò fún yín àti bí omi ṣe jìn tó. Ẹ má ju ìwọ̀ sọdá lórí okùn ẹlòmíì, ẹ má fún mọ́ ọn lára níbi tó ti ń mú ẹja. Tí ẹnì kan bá mú èyí tó tóbi, ẹni tó súnmọ́ ọn jù ló máa gbé ọ̀pá tiẹ̀ sílẹ̀ tó máa mú àwọ̀n lọ bá a. Tó bá sì fi ibi kọ́lọ́fín kan hàn yín, ẹ má lọ gbé e sí Facebook.

Àwọn èèyàn wa máa ń bi mí pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dá ẹja padà sómi, ṣebí ẹran ọbẹ̀ ni. Òfin gbà kẹ́ ẹ mú u lọlé o, lọ́pọ̀ ibi ní Texas ẹyọ márùn-ún lóòjọ́ ni, kó gùn tó ínṣì 14 ó kéré tán, ṣùgbọ́n adágún míì ní òfin tiẹ̀, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó lọ. Ní adágún Lake Fork, báàsì tó bá wà láàárín ínṣì 16 sí 24, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú báàsì páùn 17.67 lọ́dún 1986, tí wọn ò pa á, òun ni ìpínlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ètò ShareLunker, wọ́n ń gba àwọn abo ńláńlá láàyè kí wọ́n lè yé ẹyin. Lọ́dún 1992, Lake Fork yẹn náà ni wọ́n ti mú èyí tó tóbi jù ní Texas títí dòní, páùn 18.18. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ jẹ èyí tó kéré tí òfin bá gbà, kẹ́ ẹ fi ìyá ńlá sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹja fún pẹ́pẹ́súùpù lẹ ń wá, àrọ̀ pọ̀ nínú omi Texas, ẹ dẹ ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ dá padà, ẹ fi omi rin ọwọ́, torí nǹkan yíyọ̀ tó bo ara ẹ̀ ló ń gbà á lọ́wọ́ àrùn. Ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn ẹ̀, èyí tó bá wúwo, ẹ má ṣe fi ẹnu nìkan gbé e rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lè yẹ̀. Kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ lómi fún fọ́tò, ẹ dá èémí yín dúró. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mí, ẹ dá a padà.

Ẹni tí ò tíì ní láísẹ́ǹsì lè lọ sí state park, ìyẹn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, èyíkéyìí ní Texas, wọn ò bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń dẹ ìwọ̀ láti etí omi níbẹ̀, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 17 ò sì nílò ẹ̀ níbikíbi.

Èmi àti àbúrò yẹn jọ ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún àárọ̀ la máa kúrò nílé. Mo ní kó ra ekòló páálí méjì dání, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ò rí nǹkan kan mú.